Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Kò Sí Owó Orí ní Texas? Èsì fún Àbúrò Kan ní Bowie

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì. Bowie ní Maryland la ti ń gbé láti ọdún mọ́kànlá. Tí a bá pa owó iṣẹ́ àwa méjèèjì pọ̀, tí a yọ ohun tí òfin ní ká yọ, nǹkan bí $130,000 ló kù tí wọ́n ń bu owó orí lé. Owó orí ilé wa jẹ́ $5,200 lọ́dún. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti kó lọ sí Fort Bend County lẹ́bàá Houston ní Texas. Ó ní kò sí owó orí níbẹ̀, pé ilé tuntun tí òun rà ní $420,000 fẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì tiwa. Ọmọ wa àgbà wà ní kíláàsì kẹwàá, màmá mi tó jẹ́ ẹni ọdún 68 sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ṣé ká máa bọ̀?"

Àbúrò mi, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó di ẹrù. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń bá àwọn ará wa ṣe ìwé owó orí àti ìwé ilé ní agbègbè Houston, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ síwèé tán ni wọ́n ń pè mí. Màá dá yín lóhùn pẹ̀lú owó, nítorí owó ni ẹ̀gbọ́n yín fi pè yín. Lẹ́yìn náà ni màá wá sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ ọmọ àti ti màmá.

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín fi bẹ̀rẹ̀. Texas kì í gba kọ́bọ̀ lórí owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2019, àwọn ará ìpínlẹ̀ náà tilẹ̀ dìbò láti kọ ọ́ sínú ìwé òfin àgbà wọn pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá irú owó orí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní Maryland tí ẹ wà, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bu owó yín: ìpínlẹ̀ ń mú 4.75% lórí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Prince George's County, ìyẹn káńtì (ìjọba ìbílẹ̀) yín, náà sì ń mú tirẹ̀, tó ti wà ní 3.20% láti ọjọ́ pípẹ́. Lórí $130,000 yín, àròpọ̀ rẹ̀ á tó nǹkan bí $10,300 lọ́dún. Lọ́jọ́ tí ẹ bá di ará Texas, $10,300 yẹn dúró sọ́wọ́ yín. N kò ní bu ọ̀rọ̀ náà kù, owó ńlá ni.

Àmọ́ Texas náà ní ilé ìwé tó gbọ́dọ̀ ṣí, ó ní ọlọ́pàá tó gbọ́dọ̀ gbowó oṣù, ó ní ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ tún ṣe. Lára ilé tí ẹ bá rà ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í dá ẹnikẹ́ni lóhùn nígbà tó bá bi mí pé "èló ni owó orí ilé ní Fort Bend?" Kò sí iye kan ṣoṣo tó ń jẹ́ owó orí ilé Fort Bend. Ilé méjì lè dojú kọra ní títì kan náà, kí ọ̀kan máa san ìlọ́po kan àtààbọ̀ ohun tí èkejì ń san. Káńtì ní tirẹ̀, àjọ ilé ìwé ní tirẹ̀, àwọn panápaná ní àwọn ibì kan ní tiwọn, ìlú, tí ilé bá wà nínú ìlú, ní tirẹ̀. Stafford nìkan ni mo mọ̀ ní àdúgbò wa tí ìlú kì í gba owó orí ilé rárá. Ọdún 1995 ni wọ́n ti pa á rẹ́. Èyí tó wá ń ya ilé sí ilé jù lọ ni ohun tí wọ́n ń pè ní MUD (Municipal Utility District).

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé MUD, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù. Oko ìrèké, oko ìrẹsì àti pápá màlúù ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Fort Bend tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe ìlú kan ní Sugar Land. Nígbà tí kọ́ńpìnnì bá ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe ẹ́sítéètì, kò sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí páìpù ìdọ̀tí, kò sí ibi tí omi òjò máa gbà. Òfin Texas gbà wọ́n láyè láti dá àjọ ìjọba kékeré kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn nìkan, òun ni MUD. MUD yóò yá owó ńlá, wọ́n á fi ṣe omi àti kòtò. Àwọn tó bá wá ra ilé síbẹ̀ ni yóò máa san gbèsè náà, fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú owó orí ilé wọn. Bí ilé bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú ẹ́sítéètì, tí gbèsè sì ń dínkù, ni owó MUD ń wálẹ̀. Ẹ́sítéètì tuntun tí ewéko ò tíì hù níbẹ̀ lè máa san 1.2% iye ilé fún MUD nìkan, nígbà tí èyí tó ti pé ọgbọ̀n ọdún lè máa san 0.3%.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀ lórí ilé $420,000. Ilé ìwé ní ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pè ní homestead, fún ẹni tó ń gbé inú ilé tó rà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni àwọn ará Texas dìbò gbé e sókè láti $100,000 sí $140,000. Nítorí náà $280,000 ni ilé ìwé máa bu owó lé. Tó bá jẹ́ 1.1%, $3,080 nìyẹn. Tí káńtì àti àwọn tó so mọ́ ọn bá gba 0.4%, $1,680 ni. MUD tuntun ní 1.2% jẹ́ $5,040. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $9,800 lọ́dún. Tí ẹ bá gbé ilé kan náà, iye kan náà, lọ sí ẹ́sítéètì àtijọ́ tí MUD rẹ̀ jẹ́ 0.3%, $6,020 ló máa jẹ́. Ìyàtọ̀ $315 lóṣù, lórí ilé tí iye wọn dọ́gba. Àpẹẹrẹ ni mo fi àwọn ìdá yẹn ṣe. Ti ilé tí ẹ bá yàn gan-an wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì Fort Bend Central Appraisal District, ẹ kàn fi nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì wá a, gbogbo àjọ tó ń gba owó lórí ilé náà á hàn. Bákan náà, òfin sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ń ta ilé nínú MUD fún ẹni tó ń rà á ní ìwé tó sọ iye owó MUD náà. Tí wọ́n bá kó ìwé náà sáàárín ọgọ́rin ojú ewé lọ́jọ́ ìfọwọ́síwèé, ẹ dúró kí ẹ wá a jáde.

Èmi fúnra mi jìyà ọ̀rọ̀ yìí kí n tó gbọ́n. Ní ọdún 2013 mo ra ilé tuntun ní $220,000. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi fi ìwé hàn mí pé owó orí rẹ̀ jẹ́ $1,300. Inú mi dùn bíi kí n fò. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n máa ń díye lé ilé fún gbogbo ọdún náà. Lọ́jọ́ yẹn ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, ilé ò tíì sí. Owó orí ilẹ̀ lásán ni mo san lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì ìwé dé pé $6,400. Báńkì ti bá mi san án, nítorí pé láti inú escrow, ìyẹn àpò tí báńkì ń kó owó orí ilé ẹni sí lóṣooṣù, ni wọ́n ti ń san owó orí, wọ́n sì kọ̀wé sí mi pé mo jẹ wọ́n ní $5,100. Mọ́gééjì mi, ìyẹn owó ilé tí mo ń san fún báńkì, gòkè pẹ̀lú $850 lóṣù fún odindi ọdún kan: $425 láti fi san gbèsè ẹ̀yìn, $425 láti fi bá ọdún tó ń bọ̀. Ìyàwó mi gba iṣẹ́ alẹ́ kún tọ̀sán nítorí rẹ̀. Ọmọ wa kékeré ò tíì pé ọdún kan.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyí: kò sí ẹni tó parọ́ fún mi. $1,300 yẹn wà nínú ìwé lóòótọ́. Owó ọdún kìíní ni wọ́n fi hàn mí, owó ọdún kejì ni mo sì ń gbé. Ẹ̀gbọ́n yín tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, ẹ bi í bóyá ìwé owó orí ọdún kejì ti dé ọwọ́ rẹ̀. Oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, ọjọ́ 31 oṣù kìíní sì ni ọjọ́ ìkẹyìn láti san án. Tí kò bá tíì gbà á, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un pẹ̀lú ìfẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó sọ́tọ̀ nísinsìnyí.

Àwọn kan á sọ fún yín pé òfin ò gbà kí iye tí wọ́n dá lé ilé ẹni gòkè ju 10% lọ lọ́dún. Òótọ́ ni, àmọ́ ààbò yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ẹ gba homestead, kò sì kan ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lé orí ilẹ̀ òfìfo. Lẹ́yìn náà, lọ́dọọdún, tí iye tí wọ́n dá lé ilé yín bá ga jù, ẹ ní títí di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún láti ta kò ó, tàbí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ìwé bá dé, èyí tó bá pẹ́ jù. Ẹ máa ṣe é lọ́dọọdún. Àwọn ará wa kì í ṣe é, wọ́n rò pé ìjà ni. Kì í ṣe ìjà, àwòrán ilẹ̀ tó sán àti iye tí wọ́n ta ilé àdúgbò ni ẹ máa kó lọ.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn, mi ò sì fẹ́ kí ẹ sáré kà á.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjì Harvey jókòó lé wa lórí fún ọjọ́ mélòó kan, òjò ò dá. Odò Brazos kún ní Richmond títí ó fi kọjá ẹsẹ̀ bàtà 55, irú èyí tí wọn ò kọ sílẹ̀ rí níbẹ̀. Àwọn ẹ́sítéètì tó wà lẹ́bàá odò náà ní òkìtì gíga tí wọ́n fi dí omi, owó àjọ tó ń tọ́jú òkìtì yẹn, tí wọ́n ń pè ní LID (Levee Improvement District), náà sì wà nínú owó orí ilé wọn. Èyí tó dùn mí jù ni ti ìdídò Barker. Ìjọba àpapọ̀ ló ṣe é ní àwọn ọdún 1940 láti fi gba Houston lọ́wọ́ ìkún omi. Gbígbẹ ló máa ń wà, igi àti koríko ni ẹ máa rí níbẹ̀, àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ kiri inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá pọ̀, omi á kún un, á sì padà sẹ́yìn wọ inú ẹ́sítéètì tí wọ́n kọ́ sí etí rẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba rà kò tó ibi tí omi náà lè dé. Ní 2017 ó dé Canyon Gate, ó dé apá kan Cinco Ranch, ilé tí ọ̀pọ̀ olówó rẹ̀ ò ní ìnṣọ́ránsì omi rárá, nítorí pé lórí máàpù ìjọba wọn ò sí níbi tí wọ́n kà sí eléwu. Mo bá ẹbí kan kó kápẹ́ẹ̀tì tútù jáde ní ọjọ́ kejìlá. Àwo orin bàbá wọn tó ti kú wà nínú omi náà.

Nítorí náà, ibi yòówù tí ẹ bá rà, ẹ ra ìnṣọ́ránsì omi. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó ìkún omi. Ti ìjọba àpapọ̀ máa ń san tó $250,000 fún ilé àti $100,000 fún ẹrù inú rẹ̀, ó sì máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àyàfi tí ẹ bá rà á pọ̀ mọ́ mọ́gééjì lọ́jọ́ tí ẹ ń ra ilé. Ẹ má dúró de ìgbà tí ìjì bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ń ta ilé ń kọ ti ń béèrè gbangba bóyá omi ti wọlé rí, àti bóyá ilé náà wà níbi tí omi ìdídò lè dé. Àmọ́ fọ́ọ̀mù yẹn ò kan ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé, ìyẹn irú èyí tí ẹ̀gbọ́n yín rà. Fún ilé tuntun, ẹ gbọ́dọ̀ wo máàpù fúnra yín, kí ẹ sì kàn sí aládùúgbò tó ti wà nítòsí ṣáájú 2017.

Ìnṣọ́ránsì ilé fúnra rẹ̀ wọ́n ní etíkun yìí. Ẹ gba iye lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta kí ẹ tó fi owó kan sílẹ̀ lórí ilé kankan. Kí ẹ sì ka ibi tí wọ́n kọ iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa san kí wọ́n tó dá sí i tí ìjì tàbí yìnyín bá ba òrùlé jẹ́: ìdá ni wọ́n máa ń fi kọ ọ́, kì í ṣe iye. 2% lórí $420,000 jẹ́ $8,400 láti àpò yín.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe àròpọ̀. Ẹ jèrè $10,300. Nínú ẹ́sítéètì tuntun, owó orí ilé yín fi $4,600 ju ti Bowie lọ: $5,700 ló kù. Ẹ jẹ́ ká ní ìnṣọ́ránsì ilé fi $2,400 ju tiyín lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ti omi jẹ́ $800: $2,500 ló kù. Owó tóòlù lórí Westpark tàbí Fort Bend Parkway, ká pè é ní $100 lóṣù: $1,300 ló kù. Owó orí ọjà jẹ́ 8.25% níbí, 6% ni tiyín. Lórí $20,000 ohun tí ẹ bá rà lọ́dún, $450 tún lọ. $850 ló ṣẹ́ kù lọ́dún. Ohun tí "kò sí owó orí ní Texas" yóò mú wá fún ẹbí yín nìyẹn, nínú ẹ́sítéètì tuntun. Nínú ti àtijọ́ tí MUD rẹ̀ kéré, ó máa lé ní $4,600. Ìyẹn ṣì nítumọ̀.

Ẹ kò wá kọ ohun kan sínú ìbéèrè yín, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣeé ṣe kó wúwo jù lọ. Èló ni èlé mọ́gééjì yín? Tí ẹ bá wà lára àwọn tó tún mọ́gééjì wọn ṣe ní 2020 tàbí 2021, ó lè má tó 3%. Lórí gbèsè $300,000 fún ọgbọ̀n ọdún, 2.875% jẹ́ nǹkan bí $1,245 lóṣù, 6.5% jẹ́ nǹkan bí $1,896. $650 lóṣù, $7,800 lọ́dún, ni ẹ máa jù sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ta ilé Bowie. Kò sí ẹ̀dínwó owó orí kankan ní Texas tó máa dí ihò yẹn fún ẹni tó ń gba iye tí ẹ ń gbà. Tí kọ́ńpìnnì tó ń kọ́lé bá sì ní òun máa bá yín mú èlé wálẹ̀, ẹ béèrè fún ọdún mélòó. Ọ̀kan wà tó máa ń fi 2 dín èlé kù lọ́dún kìíní, 1 lọ́dún kejì, lọ́dún kẹta ó padà sí iye rẹ̀ gan-an. Tí ìyẹn bá lọ bọ́ sí ọdún tí owó orí ilé náà gòkè, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Tí ó bá jẹ́ pé èlé yín kéré bẹ́ẹ̀, ìdáhùn mi lórí owó ni pé ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Tí ẹ bá fẹ́ wá, ẹ wá nítorí ẹbí tàbí nítorí iṣẹ́ tó dára jù, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ń sanwó fún un.

Ọmọ yín tó wà ní kíláàsì kẹwàá ló ń fi àkókò sí ọ̀rọ̀ náà. Tí ẹ bá máa wá, ẹ wá kó tó wọ ìkọkànlá, tàbí kí ẹ dúró kó parí síbẹ̀. Yunifásítì ìjọba ní Texas máa ń fẹ́ kí ẹbí ti fi ìpínlẹ̀ náà ṣe ibùgbé fún oṣù méjìlá kí wọ́n tó gba owó ilé ìwé ti ọmọ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà. Òfin kan tún wà láti 1997 tó ní kí yunifásítì ìjọba gba ọmọ tó bá wà nínú 10% àkọ́kọ́ ní ilé ìwé rẹ̀; UT Austin, ìyẹn Yunifásítì Texas tó wà ní Austin, ti mú tirẹ̀ wálẹ̀ sí 5%. Àwọn òbí wa gbọ́ èyí, inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwé girama tó lókìkí ní Sugar Land àti Katy, ọmọ tó ń gba 95 níbẹ̀ lè wà ní ipò ọgọ́rùn-ún. Ẹ bi ilé ìwé náà, kí ẹ tó gba ilé, bí wọ́n ṣe máa ka máàkì tí ọmọ yín gbé wá láti Maryland. Kí ẹ sì má gba orúkọ ìlú gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé: ilé tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ Richmond lè wà lábẹ́ àjọ ilé ìwé Fort Bend ISD tàbí ti Lamar CISD, èyí tó jẹ́ Katy lè wà ní káńtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ti màmá, àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé ilé, torí pé onílé tó bá ti pé ọdún 65 ní ẹ̀dínwó $60,000 sí i lórí owó ilé ìwé, tí owó náà kì í sì í gòkè mọ́. Ẹ má ṣe é nítorí ìyẹn nìkan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ilé ti di onílé, gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù sì ti ní ìpín tí ẹ máa jókòó jíròrò lọ́jọ́ tí ojú gbogbo yín bá pọ́n fún ẹkún. Mo ti rí i kí ó ya àwọn ọmọ ìyá kan náà. Tí màmá bá ń gba Medicaid, ìyẹn ìtọ́jú ìlera tí ìpínlẹ̀ ń ṣe fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré, ní Maryland, kì í bá wọn rìn. Ìwé tuntun ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ní Texas, òfin rẹ̀ sì yàtọ̀. Tí Medicare wọn, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìlera àwọn àgbàlagbà, bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Advantage, káńtì ni wọ́n so ó mọ́, ẹ máa yan òmíràn. Ohun kékeré kan tún wà tí kì í ṣe kékeré fún àgbàlagbà: láti pápá ọkọ̀ òfurufú Dulles, ní ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀, ni ọkọ̀ òfurufú United ti ń gbé èèyàn lọ tààrà sí Èkó láti oṣù kọkànlá 2021. Èyí tó ń gbéra láti Houston dópin ní 2016. Eegun ẹni ọdún 68 máa mọ ìyàtọ̀ náà.

Ìwé iṣẹ́ yín rọrùn. Maryland àti Texas wà nínú àjọṣe ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì kan náà, ẹ kàn gbọ́dọ̀ béèrè fún ti Texas láàárín ọgọ́ta ọjọ́ tí ẹ bá ti di ará ibí. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni fún nọ́ńbà ọkọ̀, àádọ́rùn-ún fún láísẹ́ǹsì ìwakọ̀. Tí ẹ bá lè ríṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ọsibítù Sugar Land dípò Texas Medical Center, àgbájọ àwọn ọsibítù ńlá tó wà nínú Houston, ẹ gbà á, kódà bí owó rẹ̀ bá dín díẹ̀. Láti Richmond dé Medical Center ní agogo mẹ́fà àárọ̀ máa ń jẹ èèyàn níṣan. Kò sí ọkọ̀ ojú irin Metro bíi tiyín. Ọmọ tó bá pé ọdún mẹ́rìndínlógún máa fẹ́ ọkọ̀. Iná náà máa ń lọ, mi ò ní fi bò fún yín: ní oṣù keje 2024, ìjì Beryl mú iná lọ lọ́wọ́ ilé àti ilé ìtajà tó lé ní mílíọ̀nù méjì ní agbègbè yìí, àwọn kan ò rí i fún ọ̀sẹ̀ kan nínú ooru. Ẹ fi owó jẹnẹrétọ̀ kún ìṣirò yín.

Àmọ́ mo ń gbé ibí, mi ò sì ní ìrònú àtilọ. Ọjọ́ Sátidé mi ní títì Bissonnet ní Houston, níbi tí mo ti lè ra ọ̀gbọnọ̀, ẹ̀kọ àti ìwé ìròyìn láìsọ gẹ̀ẹ́sì kan, dùn mọ́ mi. Ilẹ̀ fẹ̀. Òrùn máa ń mú lójú títì bíi ti Abẹ́òkúta lóṣù kẹta. Àwọn ọmọ mi mọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí kì í ṣe ti ìyá wọn.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ bọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tí màá ṣe tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin nìyí. Màá háyà ilé fún ọdún kan nínú agbègbè ilé ìwé tí mo fẹ́, kí n rí ìgbà òjò kan àti ìgbà ooru kan kí n tó rà. Màá wá ẹ́sítéètì tó ti pé ogún ọdún, tí omi ò wọ̀ ní 2017, kí n sì fi ìyàtọ̀ owó MUD rẹ̀ tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe. Màá ní kí báńkì ṣírò escrow mi lórí iye ilé náà lódindi láti ọjọ́ kìíní. Tí mo bá máa ta ilé Bowie, màá tà á nígbà tí mo ṣì ń gbé inú rẹ̀, nítorí pé Maryland máa ń dá apá kan owó ilé dúró lọ́jọ́ títà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti di ará ìta, àyàfi tó bá ní ìwé tó fi hàn pé ilé tó ń gbé gan-an ló ń tà. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣètò títà náà ní kùtùkùtù kí ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé ẹnu ọ̀nà.